Ẹ Fi Àwọn Aláàárù Sórí Tábìlì

Eré kan wà láàárín àwọn òyìnbó tí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ á fi rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbàlagbà tó ti hewú á pagbo yí tábìlì gbàràmù kan ká. Òkè, odò, oko ọkà àti abà wà lórí tábìlì náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tí kò ga ju oríkèé ìka lọ sì tò lọ bẹẹrẹ lórí rẹ̀. Ẹni tó kùn wọ́n kò gbàgbé bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Ogun Napoleon ni wọ́n ń jà lákọ̀tun, ọba Faransé tó da ilẹ̀ Yúróòpù láàmú fún nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní Waterloo lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1815. Wọ́n ń fi rúlà wọn ibi tí ẹṣin lè sáré dé, wọ́n ń ju dáìsì láti mọ iye ẹni tí ọta bà. Ẹni tó jókòó sí Moretan ní ilẹ̀ Togo, tó ń ro ti òwú àti iṣu, lè ní kí ló kan òun níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ogun kan jà ní ilẹ̀ Atakpamé ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ogun tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ìtàn gbogbo ayé, tí ìtàn àwọn tó ru ẹrù rẹ̀ kò sì wọ ibì kan. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa àti àwọn oníṣọ̀nà wa gbé ogun náà sórí tábìlì bí àwọn òyìnbó ti ń gbé ti Napoleon, kí wọ́n sì gbé e pé pérépéré. Kí àwọn aláàárù wà níbẹ̀, kí iye wọn sì pé.

Kí a tó dé orí tiwa, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí irú iṣẹ́ yìí lè dà lọ́wọ́ ẹni tó mú un ní òkúnkúndùn. Ní 1830, wọ́n gbé iṣẹ́ lé ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Siborne, lọ́wọ́, pé kó fi ère kéékèèké ṣe àwòrán ojú ogun Waterloo tí èèyàn lè dúró tì kó fojú rí. Siborne kó lọ sí ojú ogun náà gan-an, ó gbé nínú ilé oko La Haye Sainte fún oṣù mẹ́jọ, ó ń wọn ilẹ̀ láti orí gegele dé inú kòtò. Lẹ́yìn náà ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ológun tó jà níbẹ̀ tí ẹ̀mí wọn ṣì wà. Ó ń bi wọ́n léèrè ibi tí olúkúlùkù dúró sí ní nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́, ẹni tó wà níwájú wọn, àní irú ọkà tó wà nínú oko tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èsì tí wọ́n fọ̀ pọ̀ débi pé ọmọ rẹ̀ ṣà wọ́n jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé ní 1891. Títí di òní, òpìtàn tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí Waterloo kò lè fojú fò wọ́n. Ní 1838 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú iṣẹ́ náà ní London, èrò sì wọ́ lọ wò ó. Ère òjé tó wà lórí rẹ̀ ju 70,000 lọ, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun ní London di ìsinsìnyí. Àwọn ère náà dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n mú kí Siborne béèrè dára jù wọ́n lọ. Ẹni tó ń kọ ìwé lè kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun sọdá odò, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń to ère kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti mọ ibi tí wọ́n gbà sọdá, iye tí wọ́n jẹ́, bí omi ṣe jìn tó, àti ẹni tó ru àpótí ọta, nítorí gbogbo wọn ló máa gba àyè lórí pákó.

Ogun tiwa kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo. Àwọn ará Jámánì tó ń ṣàkóso Togo nígbà náà ti kọ́ ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì kan sí Kamina, ní ẹ̀bá Atakpamé. Ilé-iṣẹ́ Telefunken ló ni iṣẹ́ náà, Baron Anton Codelli, ọmọ ìlú Ljubljana, ló sì dúró lé e lórí, àmọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n fi hú ilẹ̀ rẹ̀, orí wọn ni wọ́n sì fi ru ẹrù rẹ̀. Àwọn òpó irin tó wà níbẹ̀, tí èyí tó ga jù nínú wọn tó 120 mítà, ń bá Nauen tó wà lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ láti ibi tó ju 5,000 kìlómítà lọ, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì lójú agbami. Wọn ò tíì lò ó pẹ́ nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀. Tìtorí Kamina ni Gẹ̀ẹ́sì fi gbéra láti Gold Coast, tí Faransé náà fi gbéra láti Dàhómì. Jámánì kò ní ojúlówó ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní Togo. Ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ní, àwọn òyìnbó díẹ̀ sì ń pàṣẹ fún wọn. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹjọ ni Alhaji Grunshi, ọmọ ogun Gold Coast, yin ìbọn tí àwọn òpìtàn kà sí èyí tí ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ yìn nínú gbogbo ogun náà. Ní ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 16, wọ́n jà ní Agbeluvhoe, Captain Pfähler tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá Jámánì sì kú níbẹ̀. Ní ọjọ́ 22, wọ́n pàdé létí odò Chra. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó Kamina palẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 26, Major von Doering, olórí àwọn ará Jámánì níbẹ̀, túúbá. Togo ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ mọ́ Jámánì lọ́wọ́ nínú ogun àgbáyé kìíní, kò sì gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Ìjà odò Chra ni kí a kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì, nítorí kò tóbi ju agbára ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tó wà lójú ilẹ̀ níbẹ̀ ni ojú irin tó ti Lomé gòkè lọ sí Atakpamé, afárá tí àwọn ará Jámánì ti wó sínú odò, igbó tó dí lọ́tùn-ún lósì, àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ sí bèbè odò níhà àríwá. Nǹkan bí 60 òyìnbó àti 400 ọlọ́pàá dúdú ló wà nínú yàrà náà pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta. Àwọn tó ń bọ̀ wá bá wọn láti gúúsù, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tí Bryant, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, ṣíwájú wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n gba inú igbó, igbó sì gbé wọn mì, apá kan kò mọ ibi tí apá kejì wà mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, 23 ti kú nínú wọn, 52 ti fara gbọgbẹ́, ìyẹn nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà. Àwọn ará Jámánì kò pàdánù tó bẹ́ẹ̀ rárá. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, yàrà ti ṣófo. Àwọn tó dá ọ̀tá dúró lánàá ti kó lọ lóru. Kí ló lé wọn? Ìwé lè fi gbólóhùn kan dáhùn kó sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì, kí wọ́n dúró sí ẹ̀yìn yàrà kékeré náà lórí tábìlì. Ẹ ní kí wọ́n wo ojú irin kan ṣoṣo tó lọ sí Kamina lẹ́yìn wọn. Ẹ rán wọn létí pé àwọn Faransé mìíràn ń ti Dàhómì bọ̀ níhà ìlà-oòrùn, níhà ibi tí Moretan àti abúlé àwa tó ń sọ èdè Ifẹ̀ ní Togo wà. Ẹ bi wọ́n bóyá ọlọ́pàá tí wọn kò gbà síṣẹ́ ogun á dúró de ìjà kejì. Ọ̀kan lè ní àwọn ì bá dúró, èkejì lè ní rárá. Bí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí ibi tí ẹsẹ̀ àti ọta lè dé, ìtàn ni wọ́n ń kọ́ yẹn, ó sì ti kọjá àkọ́sórí ọjọ́ àti orúkọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi fìdí kalẹ̀ sí nìyí. Ìwé tó bá sọ̀rọ̀ ogun yìí kì í ṣàì dárúkọ Bryant àti von Doering. Á dárúkọ Lieutenant George Thompson, tó kú ní Chra, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ kú nínú gbogbo ogun náà, tí sàréè rẹ̀ wà ní ìlú Wahala pẹ̀lú ti àwọn tirailleur, ọmọ ogun dúdú ti Faransé, tí wọ́n jọ ṣubú. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi Lomé sílẹ̀, tó kọjú sí òkè, ọmọ ogun inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 500, aláàárù rẹ̀ sì ju 2,000 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláàárù mẹ́rin sí ológun kan. Nínú ìwé, ìlà kan tó fún wọn. Lórí tábìlì, bí ère kan bá dúró fún èèyàn mẹ́wàá, ẹni tó gbẹ́ 50 ọmọ ogun gbọ́dọ̀ gbẹ́ aláàárù bíi 200. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kùn wọ́n, kó sì gbé ẹrù ka olúkúlùkù wọn lórí: àpótí ọta, oúnjẹ, àgọ́, bẹ́ẹ̀dì ọ̀gá. Ọwọ́ á ro ó kó tó parí, kò sì sí olùkọ́ tó lè fi ẹnu kọ́ ọ ní ohun tí ọwọ́ ríro náà máa kọ́ ọ. Nígbà tó bá tò wọ́n tán, á rí i pé ìlà àwọn aláàárù gùn ju ìlà àwọn ológun lọ fíìfíì, àti pé ológun tó wà níwájú kò lè rìn kọjá ibi tí ẹsẹ̀ aláàárù bá lè gbé ẹrù dé. Ojú irin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí afárá bá ti wó, orí èèyàn ni ẹrù ń padà sí. Ọmọ náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ta ni wọ́n? Ìlú wo ni wọ́n ti kó wọn? Wọ́n fínnú fíndọ̀ wá ni, àbí wọ́n fi ipá mú wọn? Kí ni wọ́n san fún wọn? Mélòó ló padà délé? Ère ológun kì í bi èèyàn ní irú ìbéèrè yìí, aláàárù tó gbẹ́rù dúró lórí pákó kò sì ní jẹ́ kó sinmi.

Ẹni tó bá mòye á dá mi dúró níbí pé tábìlì náà lè purọ́. Òótọ́ ni, Siborne fúnra rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí. Nígbà tó kọ́kọ́ to iṣẹ́ rẹ̀, ó to àwọn ọmọ ogun Prussia sí ibi tí ìwádìí rẹ̀ ní wọ́n dé ní wákàtí náà, ìyẹn sì fi hàn pé ìrànwọ́ wọn ló mú kí ìṣẹ́gun tètè yá. Inú Duke of Wellington, olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì, kò dùn sí i. Wọ́n fúngun mọ́ Siborne títí ó fi yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère Prussia náà kúrò, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n dúró fún kò wá rí. A tún lè fi ti Haiti kún un. Waterloo, Austerlitz àti Borodino ni àwọn tó ń ṣeré ogun Napoleon ń tò sórí tábìlì jù. Ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn rí Vertières láàárín wọn, níbi tí àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú láti Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn, Nago tó jẹ́ ẹ̀yà tiwa pẹ̀lú wọn, ti tẹ̀lé Dessalines lọ ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Napoleon lábẹ́ Rochambeau lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1803. Nítorí náà n kò sọ pé igi àti òjé ní òtítọ́ nínú. Ohun tí mò ń sọ ni pé irọ́ orí tábìlì kò ní ibi ìfarapamọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè nàka sí ibi tó ṣófo kó ní, “Àwọn èèyàn wa wà níbí yìí, ta ló kó wọn kúrò?” Bó bá jẹ́ inú ìwé Faransé tàbí ìwé Jámánì ni irọ́ náà wà, ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa ní Moretan kò ní ibi tí wọn yóò nàka sí. Bí ẹnì kan bá ti to tábìlì rẹ̀ lódì, kí ẹni tí wọ́n yọ kúrò lọ to tirẹ̀.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Àwọn kan á ní ikú èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi dáìsì ṣe, àti pé ẹni tó bá ń sọ ogun di eré, ó ń wá ogun ni. N kò fojú kéré ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ológun gan-an ló kọ́kọ́ jókòó yí irú tábìlì yìí ká. Ní 1824, ọ̀gá ológun Prussia kan, von Reisswitz, fi eré ogun rẹ̀ han àwọn olórí ogun, wọ́n sì gbà á láti fi kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa borí. H. G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ṣe ìwé kan lórí eré yìí ní 1913, ọdún kan kí ìbọn tó dún ní Togo, èrò rẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá fi ère jagun dáadáa á rí i pé ogun gidi jẹ́ ìwà òmùgọ̀. Ìwé rẹ̀ kò dá ogun 1914 dúró, tábìlì tiwa náà kò sì ní dá ogun kankan dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi wo ogun báyìí: fíìmù àti géèmù orí fóònù, níbi tí ẹni tó kú ti ń dìde padà, tí ọta kì í tán, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í ru ẹrù. Lórí tábìlì, nǹkan ń falẹ̀, gbogbo ìṣísẹ̀ ló ní ìdí, a sì lè fi òfin tiwa sí i. Kí ère tó bá ṣubú má ṣe padà sínú páálí. Kí a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì lẹ́sẹẹsẹ títí iṣẹ́ ọjọ́ náà á fi parí, kí a sì kà wọ́n sókè kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ife ẹ̀yẹ. Bí a bá ṣe é báyìí, ọmọ tó kó 23 ère kúrò létí odò Chra á mọ ohun tí 23 jẹ́.

Ti owó ńkọ́? Lóòótọ́, bí a bá ní ká ra ère lọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ wọ́n ní Nottingham, owó oko ọdún kan lè má tó o. Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ rà nílẹ̀ àwọn agbẹ́gilére? Ní nǹkan bí ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, Thomas Ọ̀nà Odulate, ará Ìjẹ̀bú, fi igi gbẹ́ àwọn ajẹ́lẹ̀, lọ́yà, ọlọ́pàá àti ológun ní kéékèèké, àwọn òyìnbó tí Odulate ń gbẹ́ ère wọn sì ń fi owó ara wọn rà á. Ní Ọ̀wọ̀, láti àwọn ọdún 1930, Justus Akeredolu bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún igi gbẹ́ àwọn tó ń gúnyán, àwọn tó ń wakọ̀ ojú omi, àwọn tó ń tayò, tí gbogbo wọn kò ju ìka lọ. Ẹni tó bá lè gbẹ́ atayò lára ẹ̀gún, kí ni aláàárù máa ṣe fún un? Ohun tí a ó fi ṣe ilẹ̀ náà wà káàkiri ọ̀dọ̀ wa. Kànìnkànìn gbígbẹ, bí a bá gé e kélekèle tí a rẹ ẹ́ sínú aró tàbí ọ̀dà àwọ̀ ewé, á di igbó Chra. Lẹ́bú pákó tó ń jáde lẹ́nu ayùn káfíńtà á di koríko. Yanrìn tí a kù, tí a wọ́n sórí gúlù, á di ọ̀nà. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lórí igi ìṣáná á di ojú irin. Odò ni kí wọ́n fi sùúrù ṣe jù: kí wọ́n kọ́kọ́ kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ amọ̀, kó ṣókùnkùn láàárín, kó mọ́lẹ̀ létí bèbè, kí wọ́n wá máa da fáníìṣì sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ìpele kan gbẹ tán pátápátá kí wọ́n tó da èkejì. Ẹni tó bá kánjú da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á rí i pé ojú rẹ̀ funfun bí omi ògì, odò náà kò sì ní ṣeé wò. Àwọn ọmọ tó ń fi agolo mílíìkì àti àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti òkè òkun wá kọ́ wọn ní ìyókù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ṣì sọ pé ogun òyìnbó ni, kí òyìnbó lọ to ère rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ilẹ̀ wa ni wọ́n jà á sí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dojú ìbọn kọ ara wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, inú oṣù kẹjọ náà sì ni ó ti wá pé èdè Faransé ni ọmọ Moretan fi ń kàwé lónìí dípò èdè Jámánì. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ ogun tí kò sí òyìnbó nínú rẹ̀, ilẹ̀ Atakpamé ní ọ̀kan. Ní 1764, àwọn ọmọ ogun Aṣántì dé àgbègbè yìí, wọ́n sì fìdí rẹmi; láìpẹ́ ni Kusi Obodom, ọba wọn, kúrò lórí oyè. Ọwọ́ Ọ̀yọ́ ni àwọn òpìtàn kan rí níbẹ̀, àwọn mìíràn ní Dàhómì ni, wọn ò sì tíì fẹnu kò. Tábìlì ìyẹn náà á bí ìbéèrè tirẹ̀, pàápàá lórí bí ẹṣin Ọ̀yọ́ ṣe lè la ilẹ̀ tí eṣinṣin ti ń pa ẹṣin kọjá. Ṣùgbọ́n kí a ti 1914 bẹ̀rẹ̀. Sàréè wà ní Wahala, àwókù irin àti símẹ́ǹtì wà ní Kamina, ìwé àwọn ológun wà ní ilé ìpamọ́. Ọmọ tó bá ṣàṣìṣe lórí tábìlì lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ohun tó ṣeé yẹ̀ wò ni kí ọwọ́ ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́, kó tó lọ bá èyí tí àwọn àgbà ṣì ń jiyàn lé lórí.

Ó ku àwọn tó máa ní ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, tí òwú rẹ̀ ń wá olówó gidi, kò ní àyè fún ọmọlangidi. Bí mo bá ní kí ìjọba fi owó ọ̀nà kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọn ì bá jàre mi. Ohun tí mò ń béèrè kò ju tábìlì kan lọ, nínú kíláàsì kan, fún sáà ẹ̀kọ́ kan, iṣẹ́ tó sì wà nídìí rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ mú ìṣirò rẹ̀. Bí ère bá ga ní sẹ̀ǹtímítà méjì, a ti dín èèyàn kù ní ìlọ́po bíi 85. Bí a bá ní kí ilẹ̀ kìlómítà méjì kù ní ìwọ̀n kan náà, yóò gùn ju mítà 23 lọ, kò sì sí kíláàsì tó lè gbà á. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré ju ère lọ, ọmọ sì gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àlejò. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ ìṣirò ju ẹni tó há a sórí lọ. Olùkọ́ jọ́gíráfì á kó wọn lọ sí etí odò Chra kí wọ́n fojú ara wọn rí bèbè rẹ̀. Olùkọ́ ìtàn á kọ lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Lomé. Ní ti àwọn aláàárù, ilé àwọn àgbà ni kí wọ́n lọ, ní Moretan, ní Atakpamé, ní gbogbo ibi tí a ti ń sọ èdè Ifẹ̀, nítorí bí a bá rí ẹni tí wọ́n ti bá sọ ọ́ rí pé wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ lọ ru ẹrù ogun, ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ti lè gbọ́ ọ. Siborne kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ológun nìkan. Tiwa gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ni ó yẹ kí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ máa jáde síta lọ́dọọdún, kí ará ìlú lè wá wò ó. Kí a má ṣe fi ẹwà ọ̀dà dá a lẹ́jọ́, kí a má sì fi bọ́tìnnì ẹ̀wù Bryant dá a lẹ́jọ́. Kí a ka àwọn aláàárù rẹ̀. Bí wọn kò bá pọ̀ ju ológun lọ, kí a dá a padà fún àwọn tó ṣe é, kí wọ́n lọ gbẹ́ sí i. Níbikíbi tí wọ́n bá sì ti gbé ogun Togo kalẹ̀ láyé, ní Lomé, ní Paris, ní London tàbí ní Berlin, ó tọ́ kí ọmọ Ifẹ̀ lè bi wọ́n pé, “Àwọn aláàárù dà?” Ìbéèrè náà kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí àwa tí à ń bi í kò bá tíì to tiwa.